Òrùlé tí ó ń Bọ́ Ọgbà: Lámèyítọ́ lórí Ilé Koríko Òde Òní

Ìfáárà

Láàárín àwọn tí wọ́n ń kọ́lé ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ìfẹ́ sí òrùlé koríko tún ti ń sọjí. Ohun tí ó ti di àpatì láti ìgbà tí páànù ti gba ìlú kan ni ó tún ń yọjú ní ilé ìgbafẹ́ àti ní ilé àdáni àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu. Àwòrán tí a sábà máa ń rí fún irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní oríṣi: òrùlé koríko tí ó ga fíofío, ògiri dígí láti òkè délẹ̀, ilẹ̀kùn tí a ń fà sí ẹ̀gbẹ́, àti pápá tútù yọ̀yọ̀ tí ó tẹ́ lọ bí ẹní níwájú wọn. Wọn a ní ilé náà ṣí sí ọgbà. Ẹni tí ó jókòó sórí àga ní pálọ̀ yóò máa wo òdòdó láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìbéèrè kan dìde sí àwòrán náà: kí ni ó túmọ̀ sí pé kí ilé ṣí sí ọgbà rẹ̀? Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé nínú ìmọ̀ ìkọ́lé Yorùbá, ojú ni ó kéré jù nínú àwọn ohun tí ń so ilé pọ̀ mọ́ ọgbà. Omi, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ilé koríko tí kò sí ohun tí ń kọjá láàárín òrùlé rẹ̀ àti ọgbà rẹ̀ ju ìwòran lọ ti yá aṣọ ilé àtijọ́ wọ̀, ṣùgbọ́n kò mú ìwà rẹ̀. Láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀, a ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí òrùlé ń ṣe nínú agboolé, àti ìdí tí àwọn ènìyàn fi kọ koríko sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé méjì lé òṣùwọ̀n: ilé kan tí Toshiko Mori yàwòrán rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, àti àwọn ilé tí Demas Nwoko kọ́ ní Ìbàdàn.

Ohun tí òrùlé ń ṣe nínú agboolé

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àpèjúwe ilé wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí onílámèyítọ́ tún kà dáadáa. Ògiri ilé jẹ́ amọ̀, gíga rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8 lọ láìka òrùlé mọ́ ọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àwọn yàrá ká. Koríko nípọnnípọn ni a fi ń bo ilé náà, bẹẹrẹ sì ni èyí tí ó lálòpẹ́ jù. Níbi tí bẹẹrẹ kò bá sí, a ó lo irú koríko mìíràn. Nínú igbó kìjikìji tí koríko ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbòdògì ni a ń lò. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni ìmọ̀ wà. Ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ń hù ni ó ń pinnu ohun tí yóò bo ilé ibẹ̀. Ará ọ̀dàn kì í lọ fi ọjọ́ mẹ́ta wá gbòdògì, bẹ́ẹ̀ ni ará igbó kì í ránṣẹ́ sí ọ̀dàn kí ó tó rí orí ilé rẹ̀ bò.

Kíkúrú ògiri yẹn kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ́. Ògiri amọ̀ àti òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí òrùlé bá kọ̀ tí kò yọ síwájú kọjá ògiri, òjò yóò máa fọ ẹsẹ̀ ilé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wó. Nítorí náà ni òrùlé ṣe gùn sísàlẹ̀ tí ó sì nà síta, tí a fi ń ti igi bọ abẹ́ rẹ̀ láti gbé e dúró. Àlàfo tí ó wà láàárín igi wọ̀nyí àti ògiri ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn ni pé àìní ògiri ni ó bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ènìyàn wá sọ ibòòji tí a ṣe nítorí ògiri di ibi ìgbé ayé. Yàrá ṣókùnkùn, ó tutù, ó wà fún oorun àti ìpamọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ran òwú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ti ń pa àlọ́. Ẹni tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí nínú ilé, kò sì sí níta. Ipò àárín yìí ni ohun tí ilé òde òní fi ògiri dígí rọ́pò rẹ̀. Dígí a máa jẹ́ kí a rí ìta, ṣùgbọ́n ó pín ayé sí méjì geere: ẹ wà nínú ilé, tàbí ẹ wà lóde.

Nínú àkọ́dì, níbi tí àwọn ilé ti kọjú sí ara wọn yí àgbàlá ká, òrùlé ń ṣe iṣẹ́ kejì. Ó ń da òjò sí àárín. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń ṣàn bọ́ sínú ìkòkò tí àwọn obìnrin ilé gbé kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó bá ṣẹ́kù a sì gba ojú àgbàrá jáde kúrò nílé. Ọjọ́ irú ilé yìí ti pẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí Peter Garlake wú ilẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Woye Asiri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó bá ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a to àpáàdì náà ní ìnàró létí ara wọn, ó sì rí i pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá àgbàlá tí ilé yí ká mu. Ní ààfin Ọ̀wọ̀, àgbàlá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí G. J. Afọlábí Òjó, nínú ìwé rẹ̀ lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá tí ó jáde ní 1966, fi ààfin náà ṣe àpẹẹrẹ gbòógì. Ohun tí ó so ilé ọba àti ilé mẹ̀kúnnù pọ̀ ni pé ojú ilé wà nínú. Ẹ̀yìn ni agboolé kọ sí ìgboro. Ó sì kọjú sí ara rẹ̀.

Àgbàlá, ẹ̀yìnkùlé àti ọgbà

Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí ó yí nǹkan ká ni ọ̀rọ̀ náà ọgbà kọ́kọ́ ń tọ́ka sí kí ó tó kan ohun tí a gbìn. Ìdí nìyí tí ọgbà ẹ̀wọ̀n fi jẹ́ ọgbà, tí ọgbà ẹranko fi jẹ́ ọgbà, tí ọgbà ilé-ìwé sì jẹ́ ọgbà bí kò tilẹ̀ sí ewébẹ̀ kan níbẹ̀. Bí a bá wá sọ pé ilé ṣí sí ọgbà, etí Yorùbá gbọ́ ohun méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n takora: ilé ṣí sí ohun tí a sé. Agboolé ti yanjú àtakò yìí tipẹ́. Ó sé ìta, ó ṣí inú.

Ohun tí ó tún yẹ ní kíkíyèsí ni pé ibi méjì ni agboolé ṣí sí, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Àgbàlá wà fún ènìyàn. A ń gbá a láràárọ̀ títí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń dán. Koríko kì í hù níbẹ̀, bí ó bá sì hù, àmì pé ilé ti ń dahoro ni. Ẹ̀yìnkùlé wà fún ohun ọ̀gbìn. Níbẹ̀ ni ewúro àti ẹ̀fínrín wà fún ọbẹ̀ àti fún inú rírun, níbẹ̀ ni ìbẹ́pẹ ti ń hù lẹ́bàá àkìtàn, níbẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ti ń mu omi tí ń ti balùwẹ̀ ṣàn wá. Ọ̀dúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin wà nítòsí fún ètùtù, pèrègún sì ń pààlà. Kò sí ẹni tí ń jókòó sílé láti máa wo ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ó so ó mọ́ ilé ni omi ìwẹ̀ tí ń lọ àti ọwọ́ ìyá tí ń já ewé bọ̀.

Àwòrán ilé koríko òde òní da àgbàlá àti ẹ̀yìnkùlé pọ̀, ó sì sọ méjèèjì di pápá ìwòran. Ilẹ̀ náà kò ṣe é gbá fún ìpàdé ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é já ewébẹ̀ níbẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ ni a ń bu wọ́n ọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ ni a fi ń gẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ ọ̀ràn náà wà: koríko tí ó hù nílé ni a ń gẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí a ń fi ọkọ̀ ẹrù kó koríko òrùlé wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ọpọ́ tí kò rí àgbàlá mọ́

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá yọ ẹ̀yà kan kúrò lára ilé tí a sì fi í ṣe ìwòran kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ọpọ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. Láti ìgbà náà ni ó ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn ọpọ́ náà, èyí tí ọba jókòó lórí ìtẹ́ tí olorì sì dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Art Institute of Chicago láti 1984.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lórí ẹwà ọpọ́ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ayàwòrán-ilé yóò rí ohun mìíràn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ọpọ́ náà fún. Iwájú rẹ̀ kọ sí àgbàlá; ìmọ́lẹ̀ ń ti ọ̀run wọ àárín ilé, ó ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tàn padà sí ojú olorì lábẹ́ òrùlé. Ẹni tí ó bá wá kí ọba yóò kọjá nínú oòrùn kí ó tó dé ibòòji tí ọpọ́ náà wà. Ní Chicago, ẹwà rẹ̀ kò dínkù, ṣùgbọ́n kò sí òrùlé lórí rẹ̀, kò sì sí àgbàlá níwájú rẹ̀. Ó ti di ère. Bí a kò bá ṣọ́ra, ohun tí ó ṣe ọpọ́ náà ni yóò ṣe òrùlé koríko pẹ̀lú: a ó gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a ó sì fi í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ère lè pẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, koríko tí kò níṣẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà.

Iná, bẹẹrẹ àti òógùn ojú

Kò ní dára kí ìyìn koríko bo ìtàn mọ́lẹ̀. Àwọn baba ńlá tí wọ́n yọ koríko tí wọ́n fi páànù rọ́pò rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n kórìíra àṣà wọn. Ìdí méjì gbòógì ni ó wà.

Èkíní ni iná. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òwe yìí ti di ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ lórí ọ̀ràn gbogbo tí kò yẹ kí a fi falẹ̀, ṣùgbọ́n ilé koríko ni ó ti jáde wá. Nínú agboolé tí òrùlé rẹ̀ so kọ́ra, ìpẹ́pẹ́ iná kan láti ìdí ààrò ọ̀kan lè sọ gbogbo wọn di aláìnílé ní ọ̀sán gangan. Òwe kejì ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni fún ọba, nítorí pé ìlú yóò tún un kọ́. Òwe náà kò sọ ohun tí yóò bá tálákà tí ilé rẹ̀ jó. Páànù gbóná lọ́sàn-án, ariwo rẹ̀ pọ̀ bí òjò bá ń rọ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ènìyàn sun oorun àsùnwọra.

Èkejì ni òógùn ojú. Òrùlé koríko kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, iṣẹ́ náà sì ju ti ẹnì kan lọ. Láàárín ọ̀gbà àti àna, ọ̀wẹ̀ ni a fi ń yanjú rẹ̀: onílé a pe àwọn ènìyàn rẹ̀, a pèsè oúnjẹ àti ohun mímu, iṣẹ́ a sì parí. Láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró, tèmi lónìí ni tìrẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí koríko gbà ń dé orí òrùlé. Ní Ọ̀yọ́, ọdọọdún ni àwọn ìlú tí wọ́n wà lábẹ́ Aláàfin ń kó bẹẹrẹ wá sí ààfin ní àkókò ọdún Bẹẹrẹ. Koríko yẹn jẹ́ ohun èlò ìbolé, ó sì tún jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀. Ìlú tí kò bá kó bẹẹrẹ wá ti sọ láìla ẹnu pé òun kò sìn mọ́. Nítorí náà, bí a bá ń wo òrùlé koríko tí ó nípọn tí ó sì dán, ó yẹ kí a béèrè irú àjọṣe tí ó gbé koríko náà dé ibẹ̀: ọ̀wẹ̀ ni, tàbí ìṣákọ́lẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò tíì kú. Ilé koríko ọlọ́rọ̀ òde òní ń gbára lé àwọn àgbà díẹ̀ tí wọ́n ṣì mọ bí a ti ń di koríko, bí a ti ń tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí òjò má baà rí ojú àlàfo wọlé, àti ìgbà tí ó yẹ kí a gé e lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ lórí ìdúró. Bí owó tí a ń san fún wọn kò bá tó èyí tí ọmọ wọn yóò fi kọ́ iṣẹ́ náà, a ń jẹ gbèsè tí ìran tí ń bọ̀ yóò san. Ọ̀rọ̀ èdè náà yóò sì bá a lọ. Ọmọ tí kò rí bẹẹrẹ rí ni yóò máa kà nípa ọdún Bẹẹrẹ nínú ìwé ìtàn bí ẹni pé orúkọ lásán ni.

Sinthian: òrùlé tí ń kó omi fún ọgbà

Pẹ̀lú ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kàn ni a ó fi wo ilé kan tí ó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá ṣùgbọ́n tí ó ń dáhùn sí àwọn ohun tí àkọ́dì ti ń béèrè. Ní abúlé Sinthian, ní ẹkùn Tambacounda ní gúúsù ìlà-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n ti ṣí Thread ní 2015. Toshiko Mori, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ni ó yàwòrán rẹ̀; àjọ Josef and Anni Albers Foundation ni ó ṣe onígbọ̀wọ́. Ilé náà ní ibùgbé fún àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ń wá láti ibòmíràn, ó sì jẹ́ gbọ̀ngàn fún àwọn ará abúlé. Bíríkì ni ògiri rẹ̀, ọparun ni egungun òrùlé rẹ̀, koríko ni ó bò ó. Àwọn ará agbègbè náà ni ó kọ́ ọ, nítorí ọwọ́ wọn mọ ọparun àti koríko.

Ohun tí Mori ṣe sí òrùlé ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí. Ó mú òrùlé onígun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní agbègbè náà, ó sì dà á délẹ̀ ní àwọn ibì kan, tí ó fi jẹ́ pé apá kan ga, apá kan rẹlẹ̀ wá sí àgbàlá méjì tí ó wà nínú ilé. Òjò tí ó bá rọ̀ sí orí rẹ̀ a ṣàn lọ sí ibi ìpamọ́ omi. Ìṣirò àwọn tí ó yàwòrán rẹ̀ ni pé omi náà lè tó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí àwọn ará abúlé ń lò nínú ilé. Láti ara omi yìí, ọ̀gbìn lè máa lọ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ sábà máa ń gbẹ táútáú. Kò sí ògiri dígí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó lábẹ́ òrùlé rẹ̀ wà nínú ibòòji, atẹ́gùn ń kọjá lára rẹ̀, ọgbà tí ó wà níwájú rẹ̀ sì ń mu omi tí ó ti orí òrùlé kan náà wá. Báyìí ni ilé ṣe ń ṣí sí ọgbà.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí Sẹ̀nẹ̀gà. Ní Casamance, àwọn Jóólà ti ń kọ́ ilé róbótó tí òrùlé rẹ̀ da òjò sí àárín. Àkọ́dì Yorùbá àti ilé Jóólà kò bí ara wọn, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n fojú kàn, ojútùú wọn sì jọra. Nítorí náà, ìyìn Thread kò sí nínú pé ó jẹ́ tuntun. Ó wà nínú pé ayàwòrán náà mọ iṣẹ́ tí òrùlé àtijọ́ ń ṣe, ó sì fún un ní iṣẹ́ náà padà ní ìwọ̀n tí ó tóbi jù.

Síbẹ̀, ààlà wà fún àpẹẹrẹ yìí. Àkọ́kọ́, àlejò ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń sùn ní Thread. Oníṣẹ́ ọnà a dé, a ṣiṣẹ́, a lọ. Ilé tí ènìyàn ń tọ́mọ sí, tí ó ń ṣàìsàn sí, tí ó ń darúgbó sí, nílò ìkọ̀kọ̀ àti ìpamọ́ tí gbọ̀ngàn kò nílò. Èkejì, onígbọ̀wọ́ ni ó gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ìdílé kan kò lè retí èyí. Ẹ̀kẹta, ojú ọjọ́ yàtọ̀. Ní Sinthian, wíwá omi ni ìṣòro. Ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, omi pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀rinrin tí ń mú koríko jẹrà. Òrùlé tí ó bá tẹ́ jù ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa mu òjò dípò kí ó máa dà á sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn ṣe àdàkọ àwòrán Sinthian sí Ìjẹ̀bú-Òde kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe é mú ni ìbéèrè náà: kí ni òrùlé yìí yóò máa ṣe fún ilẹ̀ tí ó yí i ká?

Ìbàdàn: ṣíṣí láìsí koríko

Bí Thread bá fi hàn pé koríko lè bá ayé òde òní mu, iṣẹ́ Demas Nwoko ní Ìbàdàn fi hàn pé ìwà àkọ́dì lè wà láàyè láìsí koríko rárá. Nwoko, tí wọ́n bí ní 1935 ní Ìdúmùjẹ-Ugbókò, kọ́ New Culture Studio ní Mọ́kọ́lá, ó sì kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní ìlú náà. Ó po yangí mọ́ símẹ́ńtì díẹ̀ láti fi ṣe bíríkì, ó sì pè é ní latcrete. Nínú àwọn ilé rẹ̀, ó mú àgbàlá padà wá sí àárín, kí ìmọ́lẹ̀, òjò àti atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tí ayé ń yìn ti wà ní Ìbàdàn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Fífi iṣẹ́ Nwoko àti ti Mori wé ara wọn yọ ọ̀rọ̀ kan jáde kedere. Ohun tí ó mú kí ilé ṣí sí ọgbà kò sí nínú ohun èlò. Ó wà nínú ìtò: ibi tí àgbàlá wà, bí òrùlé ṣe yọ, ọ̀nà tí omi ń gbà. Ilé ìgbafẹ́ tí ó fi koríko oníke lé orí páànù ní ohun èlò (ní àwòrán, ó kéré tán), ṣùgbọ́n kò ní ìtò. Nwoko ní ìtò láìní ohun èlò. Nínú méjèèjì, ti Nwoko ni ó sún mọ́ agboolé.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a tún ń wá koríko sí? Ìdáhùn náà ni pé koríko ní ohun kan tí yangí àti símẹ́ńtì kò ní: ó ń fi agbára so onílé mọ́ ilẹ̀ tí ó hù ú àti mọ́ ọwọ́ tí ó gé e. Páànù kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ọ̀dàn ṣì wà. Òrùlé koríko ń béèrè ní gbogbo ìgbà tí àtúnṣe bá yí po. Bí àwọn tí ń kọ́ ilé àwòṣífìlà bá ti sọ gbogbo pápá bẹẹrẹ di ilẹ̀ títà, òrùlé ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ohun tí ó yẹ kí àwòrán ilé gbé yẹ̀ wò

Láti inú àgbéyẹ̀wò yìí, a lè tọ́ka sí àwọn ohun tí a lè fi díwọ̀n ilé koríko òde òní. Òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta tó láti di ọ̀dẹ̀dẹ̀ gidi, ibi tí àga, ẹní àti ènìyàn lè wà nígbà tí òjò ń rọ̀. Dídà rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ní Yúróòpù, àwọn tí ń fi koríko bolé kì í sábà fẹ́ kí ó dín ní ìwọ̀n igun 45, ilẹ̀ olójò púpọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kékeré mú èyí. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ń lọ, kí ibi náà sì jẹ́ ìkòkò, táńkì tàbí ebè, kì í ṣe ojú títì.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná gba àròjinlẹ̀. Èéfín ààrò àtijọ́ a máa gbẹ koríko, a sì máa lé kòkòrò jáde kúrò nínú rẹ̀. Igi àjà tí èéfín ti pa dúdú kì í tètè jẹrà. Gáàsì kò ní èéfín bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán tí ó gbé ilé ìdáná kúrò lábẹ́ koríko nítorí iná ṣe ohun tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa gbẹ òrùlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtọ́jú tí ìyá arúgbó ń ṣe láìmọ̀ yóò di àwátì. Ní ti iná fúnra rẹ̀, ìmọ̀ wà tí ó ṣe é yá: ní Nẹ́dálàńdì, a máa ń de koríko mọ́ orí pákó tí a kàn pọ̀ láìsí àlàfo, kí atẹ́gùn má lè ti ìsàlẹ̀ fẹ́ iná. Ọgbọ́n yìí dín ewu kù, ṣùgbọ́n ó tún sé koríko mọ́ afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó gbẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ ọlọ́rinrin, àwọn àǹfààní méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà. Ayàwòrán ni yóò ṣe onílàjà.

Èyí tí ó ga jù ni ti ènìyàn. Àwòrán ilé tí kò ní ibi tí koríko àtúnṣe yóò ti wá, tí kò sì ní ẹni tí yóò ṣe é, kò tíì parí, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó lórí ìwé. Bí onílé bá lè ya apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún koríko òrùlé dípò pápá ìwòran, ọgbà rẹ̀ yóò máa bo orí rẹ̀, òrùlé rẹ̀ yóò sì máa bu omi fún ọgbà. Bí kò bá sì ní ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó bá àwọn tí ó ní i da òwò pọ̀ ní iye tí ó tọ́, kí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lè jẹun níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ilé koríko tí ó ṣí sí ọgbà kò ṣàjèjì sí ìmọ̀ Yorùbá, àti pé ohun tí ó sọnù nínú àwòrán rẹ̀ lónìí kì í ṣe koríko. Àjọṣe ni ó sọnù: láàárín òrùlé àti ògiri tí ó ń dáàbò bò, láàárín ọ̀ṣọ̀rọ̀ àti ìkòkò, láàárín balùwẹ̀ àti kókò, láàárín onílé àti ẹni tí ń bá a bolé. Thread ní Sinthian dá ọ̀kan nínú àwọn àjọṣe yìí padà, Nwoko ní Ìbàdàn dá òmíràn padà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dá gbogbo rẹ̀ padà, kò sì sí ilé kan ṣoṣo tí ó lè ṣe é.

Fún àwọn onímọ̀ Yorùbá, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí kò lè dúró de àwọn ayàwòrán-ilé. Orúkọ àwọn koríko, ti ọ̀nà ìdì wọn, ti àwọn igi àjà àti ti àwọn ẹ̀yà òrùlé ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀ ní ọ̀dàn Ọ̀yọ́ àti ní igbó Èkìtì. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ní ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan, ṣe pàtàkì fún ìkọ́lé gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe pàtàkì fún ìmọ̀ èdè. Ayàwòrán kò lè béèrè ohun tí kò ní orúkọ lọ́wọ́ oníṣẹ́, oníṣẹ́ kò sì lè fi ohun tí a kò dárúkọ kọ́ ọmọ.